Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ Tí Wọ́n Fẹ́ Sin Láàyè

Mo ń kọ èyí kí aráyé lè mọ̀, nítorí ìwà àwọn kan nínú àwọn tó ń tún ẹ́sì mọ́tò ṣe ti kọjá ohun tí a lè fi ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá mi. Dókítà kìlọ̀ pé eruku kò gbọdọ̀ kan ojú náà títí di ọjọ́ àyẹ̀wò. Ní Bẹyẹrunka tí ilé wa wà, àfi kí ènìyàn ti gíláàsì mọ́tò pa. Ẹni tó bá sì tì í láìsí ẹ́sì, ooru yóò sè é. Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni ẹ́sì mi yàn láti dákẹ́.

Nígbà tí mo ń lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ ní Mọ́lété, ìyá mi fi ìborùn bo gbogbo ojú bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, ó ní òun ń bá mi lọ, pé ìwé tí mo kà ti pọ̀ ju ọgbọ́n ìnájà mi lọ.

Oníṣẹ́ náà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tẹ́tí, ó mirí.

"Ọ̀gá, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ti kú. Ẹ ra tòkunbọ̀. Mo ní ọ̀kan tó mọ́ níbí."

Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ni ọkàn ẹ́sì, òun ní ń ti gáàsì kiri. Ọkùnrin yìí kò sì tíì tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo! Mo bi í bóyá wọ́n ń sìnkú ẹni tí a kò tíì fọwọ́ kàn láyà.

"Ọ̀gá, gírámà ò lè mú mọ́tò tutù o."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi ká ìborùn sókè díẹ̀.

"Ọkọ mi, ojú mi yìí náà daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n tún un ṣe ni. Dókítà ò ní kí n lọ ra orí tòkunbọ̀."

"Àlàájà, ti ojú yàtọ̀."

"Ó yàtọ̀ báwo? Èyí tí o fẹ́ tà fún wa ńkọ́, ṣé òkú ẹlòmíì kọ́? Tú u, ká wò ó."

Ẹ̀rín yí padà sí i. Ó mú sípánà. Bẹ́rìn tó wà nínú pọ́lì, kẹ̀kẹ́ kékeré tí bẹ́líìtì ń yí, nìkan ni ó fọ́. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ le koko. Ó pààrọ̀ bẹ́rìn, òtútù dé. Bí a bá ti gbà fún un ni, ìbá gba aláàyè lọ́wọ́ wa, kí ó nù ún, kí ó tà á fún ẹlòmíràn. Ìwà burúkú ni, n kò sì ní yé wí i.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, bí a ti gbéra ni ìyá mi ti na ọwọ́ sí gíláàsì. Ní àdúgbò wa, ẹni tó bá wakọ̀ kọjá láìkí àwọn tó jókòó níta, agbéraga ni. Ṣùgbọ́n mo ti ti gíláàsì náà pa láti iwájú.

"Ṣé kí wọ́n máa sọ pé ojú tuntun ò jẹ́ kí n rí wọn mọ́ ni?"

"Màmá, eruku."

"Ó dáa. Sọ̀kalẹ̀, lọ bá mi kí wọn."

Báyìí ni mo ṣe ń dúró láti ilé dé ilé títí dé Mápó, tí mo ń dọ̀bálẹ̀ nínú ṣòkòtò funfun, tí ìyá mi sì ń juwọ́ sí wọn láti inú òtútù.

Dókítà yẹ ojú náà wò, ó ní kò sí eruku kankan níbẹ̀. Ó wá wo orókún ṣòkòtò mi, ó bi mí bóyá mo ṣubú lọ́nà ni.