Ebè Mẹ́rìnlá Bíríkìlà

Ogójì ọdún ni Bíríkìlà fi kọ́lé fún ẹlòmíràn. Ilé tí ó kọ́ pọ̀ débi pé, bí ó bá ń rìn lọ ní ìgboro, ara ògiri ni ojú rẹ̀ máa ń wà, á máa ka àléébù wọn: "Èyí wọ́. Ta ló kọ́ tọ̀hún? Ọ̀lẹ." Òun fúnra rẹ̀ kò ní ilẹ̀ tó fẹ̀ tó ẹní. Nígbà tí ẹ̀yìn daṣẹ́ sílẹ̀, tí kò lè bẹ̀rẹ̀ gbé búlọ́ọ̀kù mọ́, ó kó tọ ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ ní àjà kẹrin ilé gogoro kan, ó sì jókòó sórí àga bí ẹrù tí olówó rẹ̀ kò tíì wá gbé.

Dókítà ní bí kò bá máa lo ara rẹ̀, ẹ̀yìn náà yóò gan pátápátá, wọn yóò sì máa bá a wọ bàtà títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ní, "Bàbá mi, ẹ máa rìn yí ilé po."

"Kí n máa yí ilé po bí adìẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí?"

Ìbínú ló gbé e dìde níkẹyìn. Ilẹ̀ kan wà láàárín ilé gogoro náà àti èkejì rẹ̀, ti ìjọba ìbílẹ̀, tí gbogbo àdúgbò sọ di ààtàn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan ti kẹ̀kẹ́ ẹrù dé, ó da àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fífọ́ síbẹ̀, ó ń kọrin lọ. Bíríkìlà bú u títí tó fi yà ní kọ̀rọ̀. Nígbà tí kò sí ẹni tí yóò bú mọ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé àwo náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ké, òun náà ké. Lọ́jọ́ kejì, ó tún lọ gbé nǹkan mìíràn.

Oṣù mẹ́ta ló fi kó ààtàn náà. Ó kọ ebè mẹ́rìnlá síbẹ̀, ó na okùn láti èèkàn dé èèkàn bí ẹni tó fẹ́ fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Awakọ̀ ló kọ́kọ́ bá a dá sí i, aládùúgbò tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu ọkọ̀ wíwà, tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Àwọn mẹ́rin mìíràn tẹ̀lé e. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò pè é ní eré ìdárayá. Wọ́n ń gbé omi, wọ́n ń tu èpò, wọ́n ń bú ara wọn. Kí ọdún tó yí, ikùn Awakọ̀ ti fà sẹ́yìn díẹ̀, Bíríkìlà sì ti lè bẹ̀rẹ̀ so okùn bàtà ara rẹ̀. Ó so ó lójú ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó tú u, ó tún so ó, kó má baà sọ pé òun kò rí i.

Ìgbà yẹn ni ìjọba ìbílẹ̀ rántí pé àwọn ní ilẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n rán Kóòṣì wá, ọmọge kan tó fi fèrè kọ́rùn, pẹ̀lú ogún ènìyàn tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé àti ìwé orúkọ. Wọ́n ní ẹgbẹ́ ni: wọn yóò máa ṣe eré ìdárayá, wọn yóò sì máa fi ọgbà ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ìlú. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ́. Bíríkìlà tọwọ́ bọ ìwé. Kí ni yóò ṣe?

Ká ní Kóòṣì burú ni, ìbínú rẹ̀ ì bá rọrùn láti gbé. Ọmọ náà máa ń kúnlẹ̀ kí i. Ṣùgbọ́n ó ka ọkọ́ bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀: ogún ní ọ̀tún, ogún ní òsì, fèrè.

"Ogún ti pé, Bàbá! Ẹ pààrọ̀ ọwọ́!"

"Ilẹ̀ ò tíì pé, ọmọ mi."

"Iṣan yín ló ṣe pàtàkì, Bàbá."

"Ṣé iṣan mi la fẹ́ gbìn ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun kò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni Kóòṣì ní kí wọ́n ká gbogbo okùn kúrò, pé ó lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Tòmátì tí Bíríkìlà gbìn sínú ebè mẹ́rin kò sì tíì ga ju àtàǹpàkò lọ. Bí okùn bá kúrò, ta ni yóò mọ̀ wọ́n yàtọ̀ sí èpò? Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ri igi mọ́ ibẹ̀. Kóòṣì ní igi lè gún ènìyàn lójú. Bíríkìlà ká okùn rẹ̀, eyín rẹ̀ ń dún. Ó fa Awakọ̀ lọ sórí ebè, ó fi ìka hàn án ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Mo ń lọ rí dókítà lọ́jọ́ Sátidé. Ìwọ lo mọ ibi tí wọ́n wà."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ojú mi ni."

Lọ́jọ́ Sátidé náà, Kóòṣì pín ẹgbẹ́ sí ọ̀nà méjì, ó ní kí wọ́n fi èpò fífà díje. Ẹgbẹ́ tó bá fi èpò kún korobá tó pọ̀ jù ló borí. Nígbà tí Bíríkìlà fi ti ilé ìwòsàn dé, àtẹ́wọ́ ló gbọ́. Korobá mọ́kànlá ló tò sílẹ̀. Ebè mẹ́rin ń dán bí orí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Ó tọwọ́ bọ korobá, ó sì fa ọmọ tòmátì jáde, tigbòǹgbò tigbòǹgbò.

Ta ló gbé korobá ọ̀hún dání, tó ń làágùn, tó ń rẹ́rìn-ín? Awakọ̀ ni.

"Ìwọ?"

Ẹ̀rín Awakọ̀ kú. "Ẹ̀gbọ́n... fèrè dún. Wọ́n ti fẹ́ẹ̀ bá wa. Ọwọ́ mi ṣáà ń fà ni."

"Ewúrẹ́ ni yín! Rárá, ewúrẹ́ sàn jù yín lọ! Bí ewúrẹ́ bá fa tòmátì tu, ó kéré tán, á jẹ ẹ́!"

Kóòṣì sáré wá, ó ń sọ pé kí Bàbá rọra, pé ẹ̀jẹ̀ ríru kò dára. Ó gbé fèrè sẹ́nu láti pe àwọn tó kù. Bíríkìlà na ọwọ́, ó já fèrè náà lọ́rùn rẹ̀, ó jù ú sínú korobá. Ojú Kóòṣì kún fún omi, ṣùgbọ́n ó ní kí Bàbá wá tọrọ àforíjì lójú gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àìjẹ́bẹ́ẹ̀, òun yóò pa orúkọ Bàbá rẹ́.

Ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta gbáko. "Bàbá mi, ẹ̀yìn yín ni kẹ́ ẹ rò. Bí wọ́n bá lé yín níbẹ̀, orí àga yìí náà lẹ máa padà sí."

Ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tó fi lọ. Wọ́n dúró yí i ká nínú ẹ̀wù aláwọ̀ ewé wọn. Ó ní, "Mo tọrọ àforíjì nítorí fèrè. Ọwọ́ mi kò yẹ kó dé ọrùn ọmọ ọlọ́mọ." Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn.

"Ẹ ṣé, Bàbá. Ó ku ti ewúrẹ́."

Ó fẹ́ sọ ọ́. Ó la ẹnu. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bọ́ sórí ebè mẹ́rin náà. Wọ́n ti ra tòmátì mìíràn, wọ́n ti gbìn ín: mẹ́ta mẹ́ta nínú ihò kan, bí èrò tó fún ara wọn mọ́nú ọkọ̀, gbòǹgbò àwọn kan wà níta gbangba.

"Ti ewúrẹ́," ni ó wí, "ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ewúrẹ́."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Awakọ̀, ó sáré gbé e mì. Kóòṣì mú bírò, ó fa ìlà sórí orúkọ kan.

Bíríkìlà gun àtẹ̀gùn àjà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìsinmi. Àga ń dúró dè é. Ó kọjá lára rẹ̀, ó ṣí fèrèsé. Nísàlẹ̀, nínú oòrùn ọ̀sán gangan, wọ́n ń da kẹ́ẹ̀gì omi lé ewé lórí.

"Awakọ̀! Ìdí ni, kì í ṣe ewé! Ṣé orí lo fi ń mu omi ni?"

Kóòṣì gbójú sókè. "Bàbá, ẹ kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ mọ́!"

"Mo mọ̀! Ilé ọmọ mi ni mo wà! Ṣé ẹ ní ìwé orúkọ àwọn tó lè la ẹnu lójú fèrèsé ni?"

Awakọ̀ wo Kóòṣì, ó wo òkè. Ó bẹ̀rẹ̀, ó rọra da omi sí ìdí.

"Ẹ̀ẹ́n! Yọ méjì nínú mẹ́ta yẹn, lọ gbìn wọ́n síbi tó ṣófo. Kì í ṣe ibẹ̀ yẹn! Ọ̀dọ̀ rẹ! Ọ̀dọ̀ rẹ, aláìgbọ́ràn!"

Fèrè tuntun dún. Wọ́n pààrọ̀ ọwọ́, wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ, obìnrin kan sì tún ti ń wo òkè láti mọ̀ bóyá ibi tí òun gbìn tirẹ̀ sí tọ́.

"Kò tọ́!" ni Bíríkìlà ké.

Ọmọ rẹ̀ wá dì í léjìká mú. "Bàbá mi, ẹ jókòó. Ẹ ti dúró jù."

"Ìjókòó wo?" Ó fi ìgbáròkó ti ara fèrèsé, ó tún na ọrùn síta. "Ó ku ebè mẹ́ta nínú mẹ́rin."