Ọwọ́ Òsì Mi Lórí Igi

Ọkùnrin kan ló gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Lichtenberg, ní Berlin, nínú àpò ìrajà. Ó tú u sórí tábìlì. Mo kọ́kọ́ rò pé nǹkan tí wọ́n fi ń pọn ọmọ ni: aṣọ líle kan tó fẹ̀ tó láti gba ìdí àgbàlagbà, okùn méjì tó nípọn, ìkọ́ irin mẹ́rin, àti àpò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ti ya. Àpò yẹn ló fẹ́ kí n bá òun rán. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń fi nǹkan náà ṣe.

"Gàárì ni," ó ní. "Ṣùgbọ́n igi la fi ń gùn, kì í ṣe ẹṣin."

Bó ṣe ń ṣàlàyé ni mo ń rí àwọn tó ń gun ọ̀pẹ nílé wa, tí wọ́n á fi igbà yí ara wọn àti igi ká, tí wọ́n á fẹ̀yìn ti igbà náà lókè, tí ọwọ́ méjèèjì á sì ráyè ṣiṣẹ́. Ẹmu làwọn yẹn ń wá lọ. Ọrun àti ọfà ni ọkùnrin yìí ń gbé gòkè. Ó ní òun máa ń lọ sí Denmark lẹ́ẹ̀kan lọ́dún láti fi ọfà pa àgbọ̀nrín, nítorí pé òfin Jámánì kò fàyè gba fífi ọfà pa ẹran. Níbí, ẹran tí wọ́n fi fóòmù ṣe ni òun àti ẹgbẹ́ òun ń ta lọ́fà, nínú igbó kan lẹ́yìn ìlú. Ọrun igi lásán ni wọ́n ń lò, tí kò ní awò, tí kò ní ẹ̀rọ kankan lára, irú èyí tí àwọn ọdẹ àtijọ́ ń lò.

Mo rán àpò náà. Mi ò fọwọ́ kan ibi tó ń gbé ènìyàn dúró, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀. Mo ní abẹ́rẹ́ mi kò gbọ́dọ̀ wọ ibi tí ẹ̀mí ènìyàn so mọ́. Ó wò mí dáadáa.

"Wá wò wá ní Sátidé," ó ní.

Mo lọ, mo sì tún lọ ní Sátidé kejì. Bí mo ṣe wọ ẹgbẹ́ wọn nìyẹn. Verein ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin yẹn gan-an ni olùkọ́ wọn. Ó fi bí ogún ọdún jù mí lọ, síbẹ̀ gbogbo wọn ń pe orúkọ rẹ̀ lásán bí ẹni pé ẹgbẹ́ ọmọdé ni. Ẹnu mi kò gbà á. "Olùkọ́" ni mò ń pè é. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí ó fi sú wọn.

Lọ́dọọdún, nígbà tí ewé bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ẹgbẹ́ wa àti ẹgbẹ́ kan ní Hamburg máa ń bá ara wọn díje, ènìyàn mẹ́rin mẹ́rin. Wọ́n á kọ́kọ́ ta ẹran fóòmù láti ilẹ̀ káàkiri igbó. Lẹ́yìn náà, ẹnì kọ̀ọ̀kan á gun igi kan náà, á sì ta ọfà kan ṣoṣo láti òkè. Kò sí àtúnta. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo bá wọn lọ, abẹ́ igi ni mo jókòó sí pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú, mò ń rán ìbọ̀wọ́ tó ya àti apó tí okùn rẹ̀ já. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi gan-an. Mo gbójú sókè, mo rí ìsàlẹ̀ bàtà wọn, mo sì mọ ohun tí mò ń fẹ́. Mo fẹ́ wà lára àwọn mẹ́rin yẹn. Mo fẹ́ gun igi náà.

Ṣùgbọ́n ọfà mi kò gbà. Odidi ọdún kan ni mo fi ta á, òsì ló ń lọ. Màá dúró ṣánṣán, màá fa okùn ọrun dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, màá tú u sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ọfà á sì gba òsì ẹran náà kọjá ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì. Tí mo bá mọ̀ọ́mọ̀ fojú sun ọ̀tún, á bá a lónìí, á tún padà sí òsì lọ́la. Ọkùnrin gìrìwò kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tó ń wa S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin ìgboro. Tí ó bá ti kàn mí láti ta, á ké láti ẹ̀yìn bí ẹni pé ó wà ní ibùdókọ̀: "Ẹ kúrò lápá òsì o! Aránṣọ ń bọ̀!"

Ó di ọjọ́ kan nígbà òtútù, olùkọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù kí n bá òun pààrọ̀ síìpù jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó jókòó dè mí. Mo gbé abẹ́rẹ́ sókè síbi iná, mo ki òwú bọ ojú rẹ̀.

"Dúró," ó ní. "Tún un ṣe."

"Kí ni kí n tún ṣe?"

"Òwú yẹn. Fà á yọ, kí o tún un kì bọ̀ ọ́."

Mo tún un ṣe.

"Ojú wo lo dì?"

Mi ò mọ̀. Mo ti ń ránṣọ láti ìgbà tí mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, mi ò sì mọ̀. Ojú ọ̀tún ni mo dì. Ọwọ́ òsì ló mú òwú.

Ó ní kí n na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kí n fi wọ́n ṣe ihò kékeré kan, kí n la ojú méjèèjì, kí n wo aago ara ògiri láti inú ihò náà. Mo rí aago. Ó ní kí n di ojú òsì. Aago pòórá. Ó ní kí n la òsì, kí n di ọ̀tún. Aago padà wá.

"Ojú òsì ló ń darí rẹ," ó ní. "O gbé ọfà sábẹ́ ojú ọ̀tún, o wá ń fi ojú òsì wọ̀n ọ́n. Ibo lo fẹ́ kó lọ? Ọlọ́wọ́ òsì ni ọ́. Ṣé o kò mọ̀ ni?"

Mo mọ̀ rí. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ọwọ́ òsì ni mo fi ń ṣe ohun gbogbo, màmá mi sì gbógun tì í. Tí oúnjẹ bá délẹ̀, wọ́n á fi àkísà aṣọ di ọwọ́ òsì mi mọ́ ẹ̀gbẹ́. Tí mo bá fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, wọ́n á gbá a. Nígbà tí mo fi máa wọ ilé ẹ̀kọ́, ọwọ́ ọ̀tún ti gba gbogbo iṣẹ́, àfi èyí tí ẹnikẹ́ni kò ṣọ́, òwú inú abẹ́rẹ́. Mi ò rí ìkà nínú rẹ̀. Wọn kò fẹ́ kí ọmọ wọn na òsì sí àgbà kí ayé máa sọ pé a kò kọ́ ọ nílé. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ fún mi ní ọrun ní Berlin, tí wọ́n bi mí pé ọwọ́ wo, mi ò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo dáhùn bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa, mo ní ọ̀tún.

Olùkọ́ kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi. Tí mo bá yí ọwọ́ padà, màá bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo, pẹ̀lú ọrun tí àwọn ọmọdé ń fà. Oṣù mẹ́fà péré ló kù kí wọ́n yan àwọn mẹ́rin. Tí mi ò bá yí i padà, ọfà mi á máa lọ sí òsì títí màá fi darúgbó.

"Ó ṣeé ṣe kí ọdún yìí bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́," ó ní.

"Ọdún yìí ni mo fẹ́."

Mo sọ fún màmá mi lórí fóònù. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, Abẹ́òkúta ni wọ́n ń gbé, kò sì sí ohun tí etí wọn kì í gbọ́.

"Ọwọ́ wo lo pè?"

"Òsì, mà."

"Háà! Pẹ̀lú gbogbo ìyà tí mo jẹ lórí ọwọ́ yẹn! A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni o."

"Mi ò júwe ilé bàbá mi, mà. Ẹran ni mo fẹ́ fi ta."

"Ẹran wo?"

"Ẹran fóòmù."

"Fóòmù tí a ń sùn lé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O dé ìlú òyìnbó tán, o wá ń gun igi, o ń fi ọwọ́ òsì ta bẹ́ẹ̀dì lọ́fà." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Nígbà tó lọ sílẹ̀, wọ́n ní, "Tó bá jẹ́ òun ló máa bá a, fi ta á. Má ṣáà fi kí ènìyàn."

Ní àràárọ̀, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, mò ń so rọ́bà mọ́ ọwọ́ ìlẹ̀kùn, mò ń fi ọwọ́ òsì fà á dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí apá á fi máa gbọ̀n. Ìka mẹ́ta dégbò, wọ́n san, wọ́n tún dégbò, wọ́n wá le. Nínú igbó, ọfà mi ń já bọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹran, nítorí ọrun náà kò lágbára. Ṣùgbọ́n iwájú ẹran gan-an ló ń já bọ́ sí. Kò yà sí òsì, kò yà sí ọ̀tún. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i bẹ́ẹ̀, mo rìn lọ síbẹ̀, mo dúró ti ọfà náà, mo wo ẹ̀yìn wo ibi tí mo ti wá. Ọ̀nà tààrà ni.

Bí ọrun mi ṣe ń le sí i ni olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mi gun igi. Òfin rẹ̀ kan ni pé, láti ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ti kúrò nílẹ̀ títí á fi padà, okùn kan gbọ́dọ̀ so ènìyàn mọ́ igi. Lókè, ènìyàn á dúró lórí pátákó kékeré kan, á fi orúnkún ti ara igi, á sì jókòó sínú gàárì. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ńlá wà. Tí ẹran bá wà nísàlẹ̀, ó máa ń wu ènìyàn láti rẹ ọwọ́ tó di ọrun mú sílẹ̀. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, okùn ọrun kò ní fà tán, ọfà á sì ṣìnà. Ìbàdí ló gbọ́dọ̀ tẹ̀, kí òkè ara wà bó ṣe wà nílẹ̀. Èyí gba àwọn yòókù lákòókò gan-an. Ní tèmi, mo ti ń tẹ orúnkún àti ìbàdí kí àgbà láti kékeré. Ọjọ́ kìíní ni mo mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí wọ́n yan àwọn mẹ́rin, èmi ni mo ṣe ìkẹrin. Ọkùnrin S-Bahn ṣe ìkẹta. Ó wá bọ̀ mí lọ́wọ́, ọwọ́ òsì ló sì mọ̀ọ́mọ̀ nà. Mo wò ó díẹ̀, mo gbà á.

Ní Hamburg, ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ní Jenfeld ni mo sùn. A kì í ṣe ọmọ ìyá, ìlú kan náà la ti wá. Wọ́n ń ta oúnjẹ ilé ní Veddel, wọn kì í sì í ti ṣọ́ọ̀bù ní Sátidé. Ti ọjọ́ yẹn, wọ́n tì í. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú ara wọn rí àwọn tó ń gun igi tí kò léso.

A ta ti ilẹ̀ tán, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní apá igbó tirẹ̀, kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run. Hamburg fi díẹ̀ ṣíwájú wa. A wá dé ibi igi náà, igi ńlá kan tó dúró lórí òkè kékeré. Wọ́n ti gbé àgbọ̀nrín fóòmù kan sí apá ọ̀tún rẹ̀ nísàlẹ̀, nínú ewé. Ọgbọ́n ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ ọ̀tún fa okùn, apá òsì igi ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Tí ẹran bá wà lọ́tùn-ún, ó gbọ́dọ̀ lọ́ ara rẹ̀ yí igi po kó tó rí i ta. Àwọn Hamburg ti fi dánra wò. Àwọn tiwa kò tíì rí irú rẹ̀ rí.

Ènìyàn méje ló ta ṣáájú mi, ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni gbogbo wọn. Ọfà ọkùnrin S-Bahn wọ inú ewé lọ. Ó sọ̀ kalẹ̀. Adájọ́ ka iye fún wa. Tí ọfà mi bá wọ inú òbíríkítí kékeré tí wọ́n fà síbi ọkàn ẹran náà, Berlin ló borí. Tó bá kan ibòmíràn lára rẹ̀, Hamburg ni.

Mo so okùn, mo gùn.

"Àbúrò, di igi mú o!" Ẹ̀gbọ́n mi ló ń pariwo nísàlẹ̀. "Kí ni kí n wí fún màmá ẹ? Pé fóòmù ló pa ẹ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ n gbọ́ etí mi."

"Mo ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n dì í mú."

Mo dé orí pátákó. Mo fi orúnkún ti igi, mo jókòó sínú gàárì, mo fa ọrun gòkè pẹ̀lú okùn rẹ̀. Mo gbọ́ tí ọ̀kan lára àwọn Hamburg ń sọ fún ẹnì kejì pé èmi náà á ní láti yí igi po. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún di ọrun mú, mo fi ọwọ́ òsì fi ọfà sí i. Ọ̀rọ̀ tán nísàlẹ̀.

Àgbọ̀nrín náà wà níwájú mi bí ẹni pé èmi ni wọ́n gbé e dè. Mi ò ní láti lọ́ ara mi rárá. Mo kàn fara ti gàárì díẹ̀ sí ọ̀tún. Atẹ́gùn ń mi ewé. Mo dúró kó rọlẹ̀. Mo fa okùn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, mo tẹ ìbàdí, mo wò ó. Nígbà tí kò sí ohun mìíràn tí mo ń rí mọ́ àyàfi ibi kékeré yẹn, ìka mi tú u sílẹ̀.

Ìró rẹ̀ kò pọ̀, ó dún pọ́ọ́kú bí ìgbà tí ènìyàn bá gbá ìrọ̀rí. Adájọ́ rìn lọ síbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó yí ojú sí òdìkejì, ó tún wò ó. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Inú ni!"

Ariwo sọ nísàlẹ̀. Ọkùnrin S-Bahn gbé olùkọ́ sókè kúrò nílẹ̀, arúgbó yẹn sì ń bẹ̀ ẹ́ kó sọ òun kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń bi gbogbo ènìyàn lédè Yorùbá bóyá a ti borí. Àwọn Hamburg ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọ̀kan nínú wọn ṣí fìlà.

"Sọ̀ kalẹ̀!" wọ́n ń pè mí. "Sọ̀ kalẹ̀ wá!"

"Mò ń bọ̀," mo wí.

Ṣùgbọ́n mi ò tíì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Mo fẹ̀yìn ti gàárì, mo tú ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, okùn sì gbé mi dúró. Láti ibẹ̀, mo ń rí orí gbogbo wọn, mo ń rí igbó náà títí dé ibi tí pápá ti bẹ̀rẹ̀, mo sì ń rí ìyẹ́ ọfà mi tó pọ́n fòò lára àgbọ̀nrín. Mo jẹ́ kí wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta.