Ọ̀sẹ̀ Atẹ́bùsùn ní Yàrá Igba-Ó-Lé-Mẹ́rìnlá

Láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì sáyé, kò tíì sí ẹni tó mọ bẹ́ẹ̀dì tẹ́ bí obìnrin tí gbogbo wọn ń pè ní Atẹ́bùsùn. Tó bá ti fa aṣọ funfun bo bẹ́ẹ̀dì tán, bó ṣe máa ń le tó, eṣinṣin kan bà lé e lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó sì tiro jáde lójú fèrèsé. Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni, kó lọ bi eṣinṣin náà.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi tún yàrá ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá tó wà nínú ọgbà ìṣeré, níbi tí kẹ̀kẹ́ gìrìwò kan tó ń yí lójú kan ti ń gbé àwọn ọmọ ọlọ́rọ̀ lọ sókè sánmà, tó tún ń gbé wọn padà. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò fi ìdí kan bẹ́ẹ̀dì kankan rí. Òfin ni: òṣìṣẹ́ tó bá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ilé ló ń lọ. Ìyá rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Gbogbo ayé ni ọmọ mi ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún. Èmi tó bí i, fóòmù tó ti fẹ́lẹ́ bí ìwé ni mò ń sùn lé."

Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó máa ń dun Atẹ́bùsùn dé egungun. Ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ láyé ni kí ìyá òun sùn nínú ọ̀kan nínú àwọn yàrá yẹn, kó jí láàárọ̀, kó ṣí fèrèsé, kó rí kẹ̀kẹ́ ńlá náà tó ń yí.

Nígbà tó yá, àwọn tó ni òtẹ́ẹ̀lì ní àwọn kò ṣe òtẹ́ẹ̀lì mọ́. Wọ́n fẹ́ sọ yàrá kọ̀ọ̀kan di ilé kékeré, pẹ̀lú sítóòfù, fíríìjì àti bẹ́ẹ̀dì tó ṣeé gbé dúró sínú ògiri, kí wọ́n sì máa tà á ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀. Ìwọ ra ọ̀sẹ̀ kìíní nínú ọdún, ẹlòmíràn ra ìkejì. Tí ọ̀sẹ̀ rẹ bá dé lọ́dọọdún, yàrá di tìrẹ; tó bá parí, o kó ẹrù rẹ.

Olórí àwọn tó ń tà á ni Eyínafẹ́, ọmọ àbúrò ìyá Atẹ́bùsùn. Ilé ìyá yìí ló dàgbà sí. Atẹ́bùsùn ló mú un wọ òtẹ́ẹ̀lì, òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ká igun aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rín ẹnu Eyínafẹ́ ló gbé e kúrò nídìí ìgbálẹ̀ dé ọ́fíìsì.

Àsìkò yẹn gan-an ni òtẹ́ẹ̀lì mìíràn létí òkun ní kí Atẹ́bùsùn wá ṣe olórí àwọn atúnyàráṣe wọn. Ó ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ nígbà tí Eyínafẹ́ sáré wá bá a.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má lọ. Ta ló mọ àwọn yàrá yìí bíi tiyín? Ẹ bá wa dúró títí iṣẹ́ á fi parí, màá gba ọ̀sẹ̀ kan fún yín, títí ayé yín. Ẹ̀yin àti màmá wa."

"Odidi ọ̀sẹ̀ kan?"

"Ọjọ́ méje géérégé. Ṣé mo lè parọ́ fún yín ni?"

Atẹ́bùsùn ránṣẹ́ sí àwọn ará etí òkun pé òun ò wá mọ́.

Oṣù mẹ́jọ ló fi jẹ eruku. Òun ló sọ fún káfíńtà pé tí wọ́n bá gbé síǹkì síbi tí wọ́n yà á sí nínú ìwé, ilẹ̀kùn fíríìjì á máa gbá ènìyàn lórúnkún. Ẹnjiníà mẹ́rin ló wá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì fi orúnkún gbọgbẹ́ kí wọ́n tó gbà pé òótọ́ ló sọ.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, Eyínafẹ́ kó ìwé lé e lọ́wọ́, èdìdì pupa ń dán lára rẹ̀: yàrá igba ó lé mẹ́rìnlá, ọ̀sẹ̀ kẹtàdínlógójì. Ìyá gbé ìwé náà yí gbogbo àdúgbò ká. Kódà, ajá télọ̀ tó wà ní kọ̀rọ̀ mọ nọ́ńbà yàrá náà lórí.

Ọjọ́ pé. Ìyá wọ bàtà tuntun, wọ́n gbé báàgì méjì. Nígbà tí wọ́n dé ọgbà, ẹnu ọ̀nà wà ní títì, kò sí ariwo ọmọdé kankan. Ẹ̀ṣọ́ kan tó mọ Atẹ́bùsùn ló gba ẹ̀yìn mú wọn wọlé. Wọ́n ṣí yàrá: ọ̀rá ni wọ́n fi bo gbogbo nǹkan, òórùn ọ̀dà gba imú wọn, wọ́n ti tú ẹ̀rọ omi kúrò lógiri. Akunlé kan wà lórí àkàbà.

"Ẹ rọra o, ẹ̀yin màmá, ọ̀dà ṣì tutù."

"Ọ̀sẹ̀ mi nìyí," ni Atẹ́bùsùn wí, ó na ìwé sí i.

Akunlé kà á, ó tún un kà, ó sì ṣí fìlà. "Ọ̀sẹ̀ kẹtàdínlógójì? Wọn kì í tà á fún ẹnikẹ́ni, màmá. Lọ́dọọdún, òun ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àtúnṣe. A ó sé omi, a ó kun ilé, ọgbà náà á wà ní títì. Wọn ò sọ fún yín ni?"

Lójú fèrèsé, kẹ̀kẹ́ ńlá dúró gbagidi. Ọkùnrin kan gùn ún dé àárín, ó ń fi gírísì pa á.

Eyínafẹ́ wọlé pẹ̀lú bàtà gogoro. "Ẹ káàbọ̀ o, màmá! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mà tètè dé."

"Ṣé o mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ àtúnṣe lo kọ fún mi?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ọ̀sẹ̀ ni gbogbo ọ̀sẹ̀? Àwọn tó dáa, àwọn olówó ti kó wọn tán." Ó wolẹ̀. "Orúkọ yín tiẹ̀ wà lára àwọn tó máa fọ yàrá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ ti wà níbí náà, kò ní ni yín lára."

Atẹ́bùsùn ká ìwé rẹ̀ padà sínú báàgì. Ọ̀dà kọ́ ló dùn ún, omi kọ́. Ọmọ yìí jókòó, ó mú bírò, ó wo gbogbo ọ̀sẹ̀ inú ọdún, ó sì fi ìka yan èyí tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Títí ayé.

"Inú àwo kan náà lẹ ti jọ jẹun," ni ìyá wí jẹ́jẹ́.

Eyínafẹ́ ní wọ́n ń pe òun lọ́fíìsì. Ó jáde.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Ilé kẹ̀? Lẹ́yìn tí mo ti dágbére fún gbogbo àdúgbò? Tí mo bá padà lónìí, ẹ̀rín ni wọ́n á fi pa mí. Ká ọ̀rá yẹn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì."

Ọjọ́ méje náà ni wọ́n lò pé. Atẹ́bùsùn ń pọn omi láti ìsàlẹ̀, garawa lọ́tùn-ún lósì, ó sì ń fọ yàrá àwọn ẹlòmíràn. Ó pe àwọn ará etí òkun. Wọ́n ní àwọn ti rí ẹlòmíràn. Ìyá jókòó sí fèrèsé, ó ń wúkọ́, ó ń wo kẹ̀kẹ́ tí kò yí. Kò bú ẹnikẹ́ni, ìyẹn ló sì ba ọmọ rẹ̀ lẹ́rù jù.

Bí wọ́n ṣe padà, àdúgbò bò wọ́n. "Màmá, báwo lọ̀hún?"

"Ha! Kẹ̀kẹ́ yẹn gbé mi dé ibi tí mo ti fọwọ́ kan ìkùukùu. Ó tutù bí òwú tí wọ́n rẹ sómi. Omi gbígbóná sì nìyẹn, tí mo bá ti wúkọ́ lásán, á tú jáde lára ògiri!"

"Ta ló ṣe gbogbo èyí fún yín?"

Ìyá gbójú kúrò lára ọmọ rẹ̀. "Eyínafẹ́ ni. Ọmọ dáadáa ni."

"Ọlọ́run á fún àwa náà nírú àbúrò bẹ́ẹ̀ o!" ni ìyàwó télọ̀ pariwo.

Gbogbo wọn yíjú sí Atẹ́bùsùn. Báàgì méjèèjì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀dà funfun ṣì lẹ̀ mọ́ èékánná rẹ̀. Wọ́n ń retí kó ṣe àmín.

Ó ṣe é.