Ẹ Má Kí Wa

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́: èmi tí wọ́n bí sí Ọ̀rányàn, tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Ọ̀rányàn n'Ìbàdàn, n kò mọ èèyàn kí. Kì í ṣe ìgbéraga. Tí mo bá rí ẹni tó ń bọ̀, ojú rẹ̀, ohun tó gbé dání àti ariwo ọ̀kadà tó ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn á rọ́ wọ orí mi lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu mi á sì pa dé. Kí n tó rántí "ẹ kú ìrọ̀lẹ́", onítọ̀hún á ti dé Ìdí Arẹrẹ.

Màmá mi ló wá ọgbọ́n sí i. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, wọ́n mú ìwé kékeré kan, wọ́n jókòó, wọ́n sì kọ gbogbo ìkíni tó wà láyé sínú rẹ̀ láìdúró ronú lẹ́ẹ̀kan: ẹni tó jókòó, ẹ kú ìjókòó, ẹni tó ń dirun, ojú gbooro o, ẹni tó bímọ, ẹ kú ewu ọmọ. Mo há a sórí bí ìṣirò. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo ṣì í, tí mo kí ìyá ìkókó kan ní "ẹ kú àṣẹ̀yìndè", tó jẹ́ pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sìnkú là ń kí bẹ́ẹ̀. Màmá mi bẹ̀bẹ̀ títí ẹnu fi bó wọn.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àdúgbò ṣì ń yìn mí. Wọ́n ní mo lẹ́kọ̀ọ́, n kì í wo àgbà lójú. Ẹ̀kọ́ kọ́ o. Ojú èèyàn ló pọ̀ jù fún mi. Ní ti màmá mi, wọn kò ní irú wàhálà yìí, ẹnu wọn dùn láti kí èèyàn. Wọ́n kàn máa ń dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó jáde, ètè wọn á máa mì. Àdúrà ni wọ́n ń gbà, a kì í sì í bá wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi parí.

Mo ti lé lógún ọdún dáadáa kí dókítà kan tó sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ mi lórúkọ: ọ́tísíìmù. Ó ní kì í ṣe àìsàn, ọpọlọ mi kàn ń gba ọ̀nà tirẹ̀ ṣiṣẹ́ ni. Inú mi dùn bíi pé kí n fò. Màmá mi ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́dún tó kọjá ni ilé iṣẹ́ kan lẹ́bàá Mápó ń wá ẹni tí yóò máa to ìwé àtijọ́ jọ. Ẹ tiẹ̀ wo iṣẹ́! Kí wọ́n kó páálí ìwé eléruku síwájú mi, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí n máa tò ó láti ọdún dé ọdún, láti ìdílé dé ìdílé. N kò fẹ́ nǹkan kan láyé tó bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n íńtáfíù mẹ́rin ni mo ti lọ ṣáájú, àárín ẹnu ọ̀nà sí orí àga ni mo sì ti fìdí rẹmi nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù wọn, wọ́n fi àlàfo kan sílẹ̀, wọ́n bèèrè bóyá ìrànlọ́wọ́ kan wà tí mo fẹ́ kí íńtáfíù lè rọ̀ mí lọ́rùn. Màmá mi ní kí n kọ "rárá" síbẹ̀. Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èmi náà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. A fi òwe lu ara wa títí ọbẹ̀ fi jóná, mo sì kọ ohun mẹ́ta: kí wọ́n fún mi ní ìbéèrè lórí ìwé, kí wọ́n má bínú tí n kò bá wojú wọn, kí wọ́n sọ iye èèyàn tí mo máa bá níbẹ̀ àti bí mo ṣe máa kí wọn.

Èsì dé lórí fóònù lọ́jọ́ kẹta. Ẹni mẹ́ta ni mo máa bá. Ìbéèrè á wà lórí ìwé. Ojú mi lè wo ibi tó bá wù ú. "Ní ti ìkíni, ẹ má kí wa. Ẹ kàn wọlé, kí ẹ jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé."

Màmá mi kà á, wọ́n nu awò ojú wọn, wọ́n tún un kà.

"Kó o wọlé tọ àgbà mẹ́ta, kó o má kí wọn? Nínú Ìbàdàn yìí?"

Wọ́n ní ìdánwò ni. Ṣé tí àlejò bá ní òun ti yó, mi ò ní gbé oúnjẹ fún un ni? Kí n yáa kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kì í mọ̀ tí ọ̀rọ̀ bá ní ọ̀rọ̀ mìíràn nínú. Ohun tí wọ́n kọ ni mo kà.

Nígbà tọ́jọ́ pé, mo fẹsẹ̀ rìn gun òkè Mápó, mo ṣílẹ̀kùn, mo sì lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Orúnkún mi fẹ́ kúnlẹ̀ láìdúró dè mí. Ọ̀gá obìnrin tó wà láàárín tẹjú mọ́ ìwé. Ọ̀dọ́kùnrin kan ń tẹ kọ̀ǹpútà. Bàbá àgbà tó jẹ́ ẹnì kẹta wo àjà, ó wo ilẹ̀, ó ń yí ẹnu bí ẹni tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu. Nígbà tó yá, ó tú u jáde: ẹ káàbọ̀, ẹ kú ọ̀nà, ẹ kú oòrùn, ilé ńkọ́, màmá ńkọ́?

"Bàbá," ni ọ̀gá wí, "a ti jọ ṣàdéhùn."

"Mo mọ̀, màdáámù. Inú ló ń run mí."

Mo bú sẹ́rìn-ín, gbogbo wọn náà bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu mi kò dé mọ́. Mo dáhùn ìbéèrè tó wà lórí ìwé, mo dáhùn èyí tí kò sí níbẹ̀, àfìgbà tí wọ́n bẹ̀ mí kí n sinmi. Kí oṣù tó parí, lẹ́tà dé pé wọ́n gbà mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo máa bẹ̀rẹ̀, màmá mi sìn mí jáde. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, ètè wọn ń mì. Nígbà tí ètè wọn dúró, mo ní àmín.

"Àmín kí ni? Ẹ káàárọ̀, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́ ni mò ń kà." Wọ́n ń tún ìborùn wọn ṣe, wọn kò wò mí. "Mo fẹ́ ra iyọ̀ lọ́dọ̀ ìyá tó ń tajà lódìkejì."

Ìgbà yẹn ni mo rántí bí wọ́n ṣe kọ ìwé kékeré yẹn láìdúró ronú: àṣé àwọn náà ti há a sórí ṣáájú mi. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ṣe tíṣà, gbogbo òwúrọ̀, lẹ́nu ọ̀nà yìí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ó sì tún ń dùn mọ́ mi nínú.

"Àlàfo ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù yẹn," ni wọ́n bi mí, "ṣé gbogbo èèyàn ni wọ́n ń fún?"

Mo ní kí ni wọn ì bá kọ síbẹ̀.

Wọ́n rò ó. "Ǹ bá ní kí wọ́n jẹ́ kí n kàn wọlé, kí n jókòó."

Aládùúgbò wa kan kọjá lásìkò yẹn. Àwa méjèèjì wolẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó rántí "ẹ káàárọ̀", ó ti ń lọ sápá Ìdí Arẹrẹ, àwa sì di ara wa mú, à ń rẹ́rìn-ín.