Àkùkọ Tí A Fi Pamọ́ De Bàbá Mi

Mo ti jẹ adìẹ tí n kò lè kà láyé mi, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí mo kórìíra tó àkùkọ pupa kan tó wà nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ẹran burúkú ni. Bí ènìyàn bá bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé láìmú igi dání, ẹ̀yìn ni yóò gbà fò mọ́ onítọ̀hún, yóò fi èékánná ya á lẹ́sẹ̀. Obìnrin kan tó wá fọn iná lọ́dọ̀ wa da ẹ̀yinná sára nítorí rẹ̀, kò sì bá wa sọ̀rọ̀ mọ́ títí ọdún fi yí.

Ẹ ó ní kí ló dé tí a kò pa á. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ló wà níbẹ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé èrò ní Ìbàdàn ni bàbá mi di ẹrù aṣọ òfì, tó bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣòwò ní Kùmásí. Ó ní oṣù mẹ́fà lòun ó lò. Oyún àbúrò mi wà nínú ìyá mi nígbà náà. Lọ́jọ́ tí bàbá mi lọ, ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní ìyá àgbà, mú ọmọ àkùkọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ogbe, ó so àkísà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má ṣì í mú. Ó ní lọ́jọ́ tí ọmọ òun bá dé, àkùkọ náà la ó fi ṣe sàárà ìdúpẹ́. Ohun tí a bá ti yà sọ́tọ̀ báyẹn, a kì í tà á, a kì í jẹ ẹ́. Bí a bá pa á kí ẹni tí à ń retí tó dé, a ti fẹnu ara wa sọ pé kò níí dé mọ́ nìyẹn.

Oṣù mẹ́fà di ọdún kan, ó di ọdún méjì ó lé. Àwọn tí wọ́n jọ lọ padà dé, wọ́n ní orí àìsàn làwọn fi í sílẹ̀ sí. Wọn kò wo ojú ìyá mi bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni ìyá àgbà ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ fún àkùkọ náà ní ọkà bàbà, bó sì ti ń sanra ni ìwà rẹ̀ ń burú sí i.

Ìyá mi kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. “Ẹ jọ̀ọ́ ìyá, ẹ jẹ́ á pa ẹran yìí kó tó ṣe ọmọ léṣe. Tí bàbá wọn bá dé, màá wá àgbò fún sàárà yín.”

“Ìyàwó, ọmọ tèmi lo fẹ́ sin láàyè?”

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. A wá ń fi àgò dé àkùkọ náà mọ́lẹ̀ lójúmọmọ, a sì ń gbé òkúta lé àgò náà kó má baà bì í ṣubú.

Òkúta yẹn ni mo gbé. Mo fẹ́ fi pa ẹ̀kùrọ́ jẹ. Ìyá mi wà ní Ọjà'ba, ìyá àgbà ń kírun ọ̀sán nínú iyàrá. Àbúrò mi jókòó sẹ́bàá ògiri, ó ń jẹ àgbàdo sísè, hóró àgbàdo sì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́ títí dé abẹ́ ojú. Mo ní bí mo bá ti pa ẹ̀kùrọ́ mẹ́wàá, n óò dá òkúta padà. Mo pa ju ogún lọ. Nígbà tí mo fi máa gbọ́ igbe, àgò ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àkùkọ ti wà láyà àbúrò mi. Òkúta yẹn kan náà ni mo sọ lu àkùkọ náà. Ó ti pẹ́ jù, ó ti ṣá ojú òsì ọmọ náà.

A fi oje ewé sí ojú náà. Àáfà àdúgbò kọ hàńtú láti inú Kùránì sí wàláà, a fi omi rẹ̀ fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ojú òsì àbúrò mi di funfun, kò ríran mọ́. Ẹnì kankan kò nà mí. Ìyẹn dùn mí ju pàṣán lọ, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá àgbà gbé àbúrò mi lé itan, ó wo ojú náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ pe àáfà. Òun fúnra rẹ̀ ló mú àkùkọ náà, òun ló tú àkísà ẹsẹ̀ rẹ̀.

Inú àáfà dùn. “Ìyá, ṣé ó ti dé ni?”

“Kò dé. Ẹ pa á. Ẹ bá mi tọrọ àforíjìn fún ọmọ mi.”

Ìyá mi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

A pín ẹran náà fún àwọn àáfà àti àwọn aláìní, ṣùgbọ́n ìyá àgbà mú iwe rẹ̀ sọ́tọ̀. Nílé wa, baálé ló ń jẹ iwe adìẹ. Látìgbà tí bàbá mi ti lọ, gbogbo iwe adìẹ tí a bá pa ni ìyá àgbà máa ń há sókè ààrò kó gbẹ, ó ní ti ọmọ òun ni. Lọ́jọ́ yẹn, kò há a sókè ààrò. Ó pe àbúrò mi, ó fi iwe náà lé e lọ́wọ́.

“Gbà, baálé ilé. Jẹ ẹ́.”

Ìyá mi bú sẹ́kún, ó ń pe orúkọ bàbá mi. Àbúrò mi yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ojú tó kù lè rí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jẹ ẹ́.