Àdúrà Tí Wọn Kì Í Gbà ní Wọ́ọ̀dù Ẹ̀yìn

Jókòó-Ná kọ́ ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn aláìsàn ló fún un lórúkọ yẹn. Bí ènìyàn bá já wọ wọ́ọ̀dù ẹ̀yìn, tó ń làágùn, tó ń bú ìyá gbogbo ẹni tó bá rí, ohun àkọ́kọ́ tí nọ́ọ̀sì àgbà yìí máa ń sọ ni "jókòó ná." Bí mọ̀lẹ́bí bá fi ìbínú wọlé, "ẹ jókòó ná." Bí dókítà ọ̀dọ́ bá sáré dé tòun ti abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, òun náà á jókòó. Obìnrin náà kò ga, kò sì sanra, ṣùgbọ́n ó ní irú ohùn tó ń mú kí àga wu ènìyàn.

Wọ́ọ̀dù ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn dàrú àti àwọn tí ọtí tàbí oògùn ti dè mọ́lẹ̀. Ẹ̀yìn ló sì wà lóòótọ́. Ẹ ó kọjá wọ́ọ̀dù àwọn ọlọ́mọ, ẹ ó kọjá ilé ìfọṣọ, ẹ ó kọjá jẹnẹrétọ̀ àti ibi tí wọ́n ń kó bẹ́ẹ̀dì tó ti ṣẹ́ jọ sí, kí ẹ tó rí i. Ẹni tó ya àwòrán ilé ìwòsàn yẹn mọ ohun tó ń ṣe. Kò fẹ́ kí ojú ẹnikẹ́ni rí wọn ni.

Kì í ṣe èyí ló ń bí Jókòó-Ná nínú jù. Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni. Láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú kirikiri ló ti ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní iṣẹ́ yìí. Ó ń kọ́ wọn bí a ṣe ń jókòó ti ẹni tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n nítorí pé oògùn ń jáde lára rẹ̀, láìwàásù fún un, láìbínú sí i. Ó ń kọ́ wọn bí a ṣe ń wo ènìyàn lójú, ká bi í ní tààrà bóyá ó ń rò ó láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ká má sì gbójú kúrò títí yóò fi dáhùn. Ó máa ń pe awakọ̀ kan tó fi ọtí sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù náà pé kó wá bá wọn sọ̀rọ̀. Awakọ̀ yóò ka gbogbo irọ́ tó pa fún àwọn nọ́ọ̀sì nígbà náà, bí ó ṣe da ọtí sínú ìgò oògùn ikọ́, tó ń wúkọ́ kó lè mu ún. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí, wọ́n á sì kọ́gbọ́n.

Bí ẹnì kan bá wá mọ iṣẹ́ náà tán, wọ́n á mú un lọ. Òmíràn á gba òkè òkun lọ, Jókòó-Ná kì í bá irú wọn jà, torí pé ibi tí wọ́n bá ti mọyì ẹni là ń gbé. Àwọn tó ń dùn ún ni àwọn tí ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ń kó kúrò. Wọ́n á ní wọ́ọ̀dù mìíràn nílò wọn jù, àti pé ta ni kò lè ṣọ́ wèrè. Ọ̀gá kan sọ ọ̀rọ̀ yẹn lójú rẹ̀, lọ́sàn-án gangan, kò sì bojú wẹ̀yìn. Wọ́n rò pé kọ́kọ́rọ́ àti ohùn líle ni iṣẹ́ náà. Kódà bí nọ́ọ̀sì kan bá ṣẹ̀ níbòmíì, wọ́ọ̀dù ẹ̀yìn ni wọ́n ń rán an lọ kó lọ jìyà. Ẹ bá mi wò ó o. Àwọn ènìyàn tó ń ṣàìsàn ni wọ́n sọ di ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíì.

Ẹni tó kù fún Jókòó-Ná ni ọmọbìnrin kan tí awakọ̀ sọ ní Ọ̀kẹ́rẹ́, torí pé kì í rọra rìn. Ṣùgbọ́n bí Ọ̀kẹ́rẹ́ bá ti jókòó ti aláìsàn, àfi bí ẹni pé ó ti fìdí mọ́lẹ̀ síbẹ̀. Jókòó-Ná máa fẹ̀yìn tì láìpẹ́. Ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ pé Ọ̀kẹ́rẹ́ ni yóò gba wọ́ọ̀dù náà lọ́wọ́ òun, títí Ọ̀gá Àgbà ilé ìwòsàn fi gbọ́ lọ́jọ́ kan tí ọmọ náà ń bá mọ̀lẹ́bí aláìsàn sọ̀rọ̀. Ó ní ohùn rẹ̀ dùn, ó sì mọ ènìyàn yẹ́ sí. Ó ní kó máa bọ̀ ní ọ́fíìsì òun, kó máa gba àlejò.

"Ọ̀gá, ọmọ yẹn mọ̀rọ̀ọ́ sọ," ni Jókòó-Ná wí.

"Ohun tí mo rí nìyẹn, Màmá."

"Torí ẹ̀ ni mo ṣe nílò ẹ̀. Ọ̀rọ̀ la fi ń ṣiṣẹ́ níbi tiwa. Àwọn àlejò yín, ṣé wọ́n ń ṣàìsàn ni?"

Ọ̀gá Àgbà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ó ní òun ti rí ẹlòmíì tí òun máa fi dípò, nọ́ọ̀sì kan láti wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ, kí Màmá ṣáà fi ọjọ́ méjì kọ́ ọ. Jókòó-Ná bi í bóyá ọjọ́ méjì ni òun náà fi kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ọ̀gá Àgbà kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Nọ́ọ̀sì iṣẹ́ abẹ dé. Ọmọlúàbí ni, iṣẹ́ kì í sì í sú u. Ó mọ egbò dì, ó mọ bí a ṣe ń gbé ẹni tí kò lè dìde. Ṣùgbọ́n ojú egbò ló ń wá kiri ní wọ́ọ̀dù tí egbò kò ti hàn síta, bó bá sì rí ẹni tó dákẹ́ jẹ́ẹ́, yóò ní ara onítọ̀hún ti yá. Jókòó-Ná kò tíì kọ́ ọ dé ibì kankan tí ìwé fi dé pé kí òun lọ sí àpérò ọlọ́sẹ̀ kan ní ìlú mìíràn. Ẹ dúró kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ jíròrò lé lórí: bí àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ọpọlọ yóò ṣe pọ̀ sí i, tí wọn yóò sì gba ẹ̀kọ́ tó péye.

Kó tó lọ, ó pe nọ́ọ̀sì náà. "Bíríkìlà yẹn ti fẹ́ẹ̀ lọ ilé. Ẹ má dá a sílẹ̀ kí n tó dé. Ọ̀rọ̀ wà tí mo fẹ́ bá òun àti ìyá ẹ̀ sọ."

Bíríkìlà yìí, ẹ̀yìn ríro ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ń ru búlọ́ọ̀kù látàárọ̀ dalẹ́, ẹnì kan sì fún un ní hóró oògùn ara ríro kan. Ẹyọ kan di méjì, ó di ìkúnwọ́, títí tó fi jẹ́ pé bí kò bá jẹ ẹ́, kò lè di irinṣẹ́ rẹ̀ mú. Ìyá rẹ̀ ló fà á wá. Ó gbọ̀n, ó bì, ó bú Jókòó-Ná dé ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá rẹ̀, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ wálẹ̀. Oògùn ti kúrò lára rẹ̀, ó ti ń jẹun, ó ti ń fi orin gbálẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ní àpérò, gbọ̀ngán tutù bí inú fìríìjì. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ á dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó sọ̀rọ̀ kọjá, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ya fọ́tò. Kò sí ẹyọ ẹnì kan níbẹ̀ tó ti jókòó ti ẹni tó ń gbọ̀n rí, àfi àwọn bíi Jókòó-Ná tí wọ́n kó sí ìlà ẹ̀yìn, tí wọn ò sì fún ní makirofóònù. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ní "òṣìṣẹ́ wa kò tó," ó ń wù ú láti dìde, kó bi wọ́n pé àwọn tí òun kọ́ dà, ta ló sì kó wọn lọ.

Nígbà tó padà dé, bẹ́ẹ̀dì bíríkìlà ti ṣófo.

"Ẹ kú àbọ̀, mà," ni nọ́ọ̀sì iṣẹ́ abẹ wí. "A ti dá a sílẹ̀ láti ọjọ́ kejì tí ẹ lọ o. Ẹ̀rín ló ń rín lọ."

"Ta ló ní kí ẹ dá a sílẹ̀?"

"Ọ̀gá Àgbà ni, mà. Wọ́n mú àlejò wá wo wọ́ọ̀dù, wọ́n bá a níbi tó ti ń gbálẹ̀. Wọ́n ní kí ni géńdé tó le koko báyìí ṣì ń ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní ẹ̀yin là ń retí. Wọ́n ní ṣé ẹ̀yin lẹ ni ilé ìwòsàn ni."

"Kí lẹ sọ fún un nígbà tó ń lọ?"

"Mo ní kó máa jẹun dáadáa. Mo sì gbàdúrà fún un. Mo ní àlọ rámirámi là á rí ẹsẹ̀ rẹ̀, a ò tún ní rí i níbí mọ́ láéláé. Gbogbo wọ́ọ̀dù ló ṣe àmín, mà."

Jókòó-Ná, tó ń ní kí gbogbo ayé jókòó, òun gan-an ló wá àga.

Níbi tí wọ́n ti ń gé ìfun tàbí tí wọ́n ti ń to egungun, àdúrà yẹn dára. Ta ló fẹ́ padà sábẹ́ ọ̀bẹ? Ní wọ́ọ̀dù ẹ̀yìn, èèwọ̀ ni. Ẹni tó ń fi oògùn sílẹ̀ lè ṣubú, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń ṣubú kí wọ́n tó dìde dúró pátápátá. Ìtìjú tí kò jẹ́ kí wọ́n padà wá ló ń pa wọ́n. Ìdí nìyẹn tí Jókòó-Ná fi ń sọ fún ẹni tó bá ń lọ, lójú ìyá tàbí ìyàwó rẹ̀, pé bó bá ṣubú, kó padà lọ́jọ́ náà gan-an, ẹnikẹ́ni kò ní bú u. Á tún sọ fún un pé ara tó ti sinmi oògùn kò lágbára àtijọ́ mọ́. Ìkúnwọ́ tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ tí kò ṣe é ní nǹkan, bó bá jẹ ẹ́ báyìí, mímí rẹ̀ á dúró.

"Mi ò mọ̀, mà," ni nọ́ọ̀sì iṣẹ́ abẹ wí. "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

"Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó sọ fún yín."

Ó wọ ọkọ̀ lọ sílé bíríkìlà pẹ̀lú báàgì ìrìn àjò lọ́wọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù níwájú ilé, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn wọn. Wọ́n ti sin ín. Ó padà síbi iṣẹ́, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ó jẹ iye tó ń jẹ tẹ́lẹ̀, ó sì sùn lọ. Jókòó-Ná jókòó ti ìyá náà. Ó dì í lọ́wọ́ mú, ó sì padà wálé.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá Àgbà pe Jókòó-Ná àti nọ́ọ̀sì iṣẹ́ abẹ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, káàdì ọ́fíìsì lọ́rùn rẹ̀, ó ń gbé omi fún wọn. Ọ̀gá Àgbà ní nọ́ọ̀sì iṣẹ́ abẹ yóò lọ dúró sílé ná, nítorí àìbìkítà. Ó ní bí ìyá olóògbé bá dé láti kó ẹrù ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ́kù ní wọ́ọ̀dù, kí wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ ṣàlàyé fún un pé wọ́n tọ́jú ọmọ náà tán, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á.

"Ọ̀gá, ẹ fi ètè sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá," ni Jókòó-Ná wí. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Kí ni nọ́ọ̀sì yìí ṣe? Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní wọ́ọ̀dù tó ti wá ló ṣe. Ẹni tí mo kọ́ láti wà níbẹ̀ nìyí, ó ń gbé omi fún yín. Ẹ rán mi lọ gbọ́ bí òṣìṣẹ́ ṣe máa pọ̀, ẹ sì fi wọ́ọ̀dù sílẹ̀ fún ẹni tí ẹ kò jẹ́ kí n kọ́. Ẹ ò lè fi awakọ̀ ṣe dókítà eyín, àmọ́ ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá rí lẹ̀ ń fi ṣe tiwa. Bí ẹ bá fẹ́ rán ẹnì kan lọ sílé, ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ dìde, kí ẹ máa lọ."

Ọ̀gá Àgbà nu ojú. Ó ní kí wọ́n fara balẹ̀, òun yóò gbé ìgbìmọ̀ kan dìde. Ibi tó bá ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ dé ni ìyá bíríkìlà wọlé dé, ọ̀rá tí wọ́n kó aṣọ ọmọ rẹ̀ sí ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ fún un ní àga. Ọ̀gá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé wọ́n ṣe gbogbo ohun tó wà níkàáwọ́ wọn.

"Ẹ ṣé, sà," ni ìyá náà wí. Kò wo ojú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì iṣẹ́ abẹ ló ń wò. "Ìyàwó, ẹ̀yin lẹ gbàdúrà fún un, àbí?"

Nọ́ọ̀sì náà mi orí pé òun ni.

"Ó fi ọ̀wọ̀ gbà á. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ tún jẹ ẹyọ kan, ó wá jẹ́wọ́ fún mi, ó ń sunkún. Mo ní kó jẹ́ ká tètè padà wá síbí. Ó ní, 'Màmá, wọ́n ti gbàdúrà pé àwọn ò ní rí mi mọ́, mo sì ti ṣe àmín. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò wọ́n?' Mo rò ó, mo ní ó tọ̀nà, ká má lọ ba àdúrà jẹ́." Ó ká ọ̀rá náà mọ́ra. "Torí èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Àmín tèmi ló ròkè jù."

Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé àwo omi sílẹ̀ lórí tábìlì Ọ̀gá Àgbà, ó bọ́ káàdì ọrùn rẹ̀ tì í, ó sì fa nọ́ọ̀sì iṣẹ́ abẹ dìde.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ sí wọ́ọ̀dù," ló wí. "Ẹni méjì ló ń lọ ilé lọ́la, ẹ ò sì tíì mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ fún wọn."