Nọ́tì Kẹjọ

Òórùn méjì ló máa ń gbé mi padà sí gáréèjì yẹn ní Castle Green: òórùn epo ẹ́ńjìnnì, àti òórùn mọ́ínmọ́ín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Mo mọ̀ pé àwọn méjèèjì ò bára tan. Ṣùgbọ́n wọ́n pàdé ní imú mi lọ́sàn-án Sátidé kan, láti ọjọ́ náà sì ni mi ò ti lè gbóòórùn ọ̀kan kí àyà mi má já nítorí èkejì.

Ẹ̀yìn A13 ló wà, òpópónà ńlá kan nílùú òyìnbó, níbi tí àwọn lọ́rí kì í ti í dákẹ́. Ọ̀gá mi jẹ́ òyìnbó, ọmọ bíbí Dagenham, tó ti fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣe iṣẹ́ mọ́tò. Ó ní ọkọ̀ ìje kékeré pupa kan tó dàgbà jù mí lọ dáadáa. Lọ́dọọdún, ọmọbìnrin rẹ̀ máa ń wà á nínú eré ìje oníwákàtí mẹ́ta tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọkọ̀ àtijọ́. Tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké ni obìnrin náà ní ilé ìwé kan ní Becontree, òun fúnra rẹ̀ sì bí ọmọ méjì. Nínú irú eré yẹn, ẹni tó sáré jù kọ́ ló máa ń rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò bá kú ni.

Nínú ẹ́ńjìnnì náà, ọ̀pá irin mẹ́rin ló ń gbé písítìn lọ sókè sódò, nọ́tì méjì méjì ló sì di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú. Nọ́tì mẹ́jọ péré. Bí ọ̀kan bá tú lórí eré, ọ̀pá náà lè fọ́ ẹ́ńjìnnì jáde, kí epo gbígbóná dà sábẹ́ táyà, kí iná sì sọ. Ìdí nìyí tí ọ̀gá mi fi ní òfin méjì. Èkíní, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ kan inú ẹ́ńjìnnì, tèmi sì ni ọwọ́ náà lọ́dún yẹn. Èkejì, a ní sípánà kan tó máa ń dún “kọ́” bí nọ́tì bá ti le débi tó yẹ. Bó bá ti dún, kí o fi ọ̀dà yẹ́lò fa ìlà sórí nọ́tì náà lójú ẹsẹ̀, kí o tó bọ́ sórí òmíràn. Èmi tí mo kọ́ṣẹ́ ní Mushin ka òfin kejì yìí sí àṣejù. Màá kọ́kọ́ mú gbogbo wọn le tán, kí n tó wá kùn wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ni kò mọ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀?

Lọ́jọ́ Sátidé tí mò ń sọ yìí, ọ̀gá ti lọ sílé. A dojú ẹ́ńjìnnì náà délẹ̀ lórí àga irin, mo sì ti gbọ́ “kọ́” méje. Mo gbé sípánà lé ìkẹjọ nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan lẹ́nu ọ̀nà.

“O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Hope they're not killing you with work here?”

Bàbá ni. Òun ló gbà mí sílé rẹ̀ ní Parsloes nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí láìmọ ẹnikẹ́ni. Àgbà ni nínú ìjọ aláṣọ funfun wa, ibi àdúrà ló sì ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, ó wọ kóòtù òtútù lé sùtánà. Ìyàwó rẹ̀ ló fi mọ́ínmọ́ín rán an sí mi. Ṣé irú bàbá bẹ́ẹ̀ ni màá dúró kí pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́? Mo jù ú sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì olóròóró. Kí n tó dìde, Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó gbàdúrà fún ìyá mi nílé, fún ìwé ìgbélùú mi, fún ìyàwó tí mi ò tíì rí fẹ́. Ó ní, “And this engine you're repairing, kò ní pa ẹnikẹ́ni.” Mo ṣe àmín, mo tún ṣe é. A kì í já àdúrà gbà mọ́ àgbà lẹ́nu.

Nígbà tí Bàbá lọ, mo jẹ mọ́ínmọ́ín méjì, mo fọwọ́, búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà ló sì sún mọ́ mi jù. Mo fa ìlà yẹ́lò sórí nọ́tì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Mo pa ẹ́ńjìnnì dé.

Ọjọ́ ìje pé. Pápá náà jìnnà sí Barking, ìrì ṣì wà lórí koríko nígbà tí a débẹ̀. Kí ọmọ ọ̀gá mi tó dé akoto rẹ̀, ó bi mí pé, “All tight?” Mo ní, “All tight.” Ó na ọwọ́ sí mi. Sípánà wà ní ọwọ́ ọ̀tún mi, mo sì ní láti kọ́kọ́ jù ú sílẹ̀ kí n tó lè bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Bí irin náà ṣe dún lórí sìmẹ́ǹtì, ara mi rántí ohun tí orí mi ti gbàgbé. Mo ti ju sípánà sílẹ̀ báyìí rí. Ṣé ó ti dún “kọ́” nígbà náà?

Ẹ̀rù bà mí, jọ̀ọ́, má jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ mìíràn pè é. Ọkọ̀ náà ti lọ. Láàárín ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta ló máa ń yípo kan, bó bá sì ti kọjá níwájú wa, inú mi á rọ̀ díẹ̀. Bó bá ti pòórá lẹ́yìn igi, màá tún bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Mo ń ka “kọ́” lọ́kàn mi. Méje ni mo ń rí. Mo sọ fún ara mi pé mo ti fa ìlà yẹ́lò sí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó fa ìlà náà ni mi ò gbẹ́kẹ̀ lé mọ́. Mo ro iṣẹ́ tí màá pàdánù. Mo ro ohun tí wọ́n máa sọ nípa èmi tí mo ti ọ̀nà jíjìn wá. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tèmi burú ju ìyẹn lọ, torí ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ni mo fi ń dákẹ́. Báyìí ni wákàtí kan kọjá.

Ọ̀gá mi wá yíjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Listen to that. That's your work, son.” Ó gbé pátákó tí a fi ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀, ó fẹ́ kọ ọ́ sí i pé kí ọmọ rẹ̀ tẹná sí i.

Mo di pátákó náà mú. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́,” ní Yorùbá, kí n tó rántí ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. “Please, sir. Call her in. One nut. I don't know.”

Kò pariwo. Ó wo ojú mi, ó nu pátákó náà, ó kọ ọ́ sí i pé kó yà wọlé sọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti ré wa kọjá, ó ní láti yípo kan sí i kó tó lè rí i. Ìṣẹ́jú yẹn ni ẹ̀rù bà mí jù láyé mi. Àwa méjèèjì dúró, a ò wo ara wa. Mo fẹ́ ṣe àdúrà, mi ò rí nǹkan mìíràn sọ ju “Bàbá ti ṣe é” lọ.

Ó wọlé. Ó pa ẹ́ńjìnnì.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, a tú u ní gáréèjì. Nọ́tì méje ò mira. Ọ̀gá mi gbé sípánà lé ìkẹjọ, nọ́tì náà sì yí, ó tún yí, kí sípánà tó dún. Ìlà yẹ́lò orí rẹ̀ ń dán. Ọmọ rẹ̀ ti ilé ìwé wá, ó dúró tì wá, ó wo nọ́tì náà pẹ́. Mo ń retí kó bú mi. Ìbéèrè kan péré ló bi mí: “Why did it take you an hour?”

Ọ̀gá mi ò lé mi lọ, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló dúró lẹ́yìn mi fún oṣù mélòó kan, tó ń gbọ́ “kọ́” kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú mi.

Ó pẹ́ kí n tó sọ fún Bàbá. Kò wù mí kó rò pé mò ń di ẹ̀bi rù ú. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, “So, nígbà tí mò ń gbàdúrà fún un, you had not finished.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó mi orí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ọjà.

Ṣùgbọ́n ìgbà tó tún wá sí Castle Green, mo gbúròó ẹsẹ̀ rẹ̀, mi ò sì gbúròó ohùn rẹ̀. Mo gbójú sókè. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú òtútù, àwo mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo sípánà tí mo gbé lé nọ́tì kan. Orúnkún mi ti ń tẹ̀. Ó gbọ́wọ́ sókè.

“Má dọ̀bálẹ̀,” ó ní. “Parí ẹ ná.”

Àgbàlagbà dúró de ọmọdé. Mo fa sípánà náà títí ó fi dún, mo fa ìlà yẹ́lò, lẹ́yìn náà ni mo tó dọ̀bálẹ̀. Ìgbà yẹn ni Bàbá wọlé.